Iṣu Ìjùmú àti ọkọ̀ ojú irin Itakpe: àkọsílẹ̀ ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan dán wò

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wà ní Ìjùmú, kò jìnnà sí Kàbbà. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn jù, àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn ló sì ń ṣe gààrí àti èlùbọ́. Kò sí irin rélùwéè kankan ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Bùnú, kò sì sí rí. Ibùdókọ̀ tó sún mọ́ wọn jù ni ti Itakpe ní ilẹ̀ Ẹ̀bìrà. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ á gba Kàbbà, á gba Ọ̀kẹ́nẹ́, kó tó dé. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń wá ni bí wọ́n ṣe máa fi ibùdókọ̀ yẹn ṣe ẹnu ọ̀nà ọjà fún irè oko wọn, kí wọ́n má baà máa fi gbogbo ojú wo Abuja nìkan.

Kí a tó dé orí ohun tí wọ́n ṣe, ó yẹ kí a mọ ibi tí irin náà ti wá, torí ibẹ̀ ni ìdí púpọ̀ nínú wàhálà wọn wà. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń tẹ́ irin, ilẹ̀ Òkun bọ́ sí àárín ọ̀nà méjì. Ọ̀kan gbéra ní Èkó, ó gba Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní Baro, létí odò Ọya lókè Lọ́kọ́jà, ní 1907, ó sì wọ Kano ní 1911. Minna ni wọ́n ti pàdé. Ìsánlú, Mọ̀pà, Kàbbà, Ìyàrà, kò sí èyí tó bọ́ sójú ọ̀nà nínú wọn. Ará Yàgbà tó bá fẹ́ fi rélùwéè kó ẹrù, àfi kó kọ́kọ́ fi lọ́rì gbé e dé Ọ̀fà tàbí Ìlọrin.

Irin Itakpe ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ wá torí èèyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1987 kí ó lè máa kó òkúta irin láti òkè Itakpe lọ sí ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta, kó sì tún máa kó o dé Aladja lẹ́bàá Warri. Òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀ kò ní ju bíi ìdá 36 irin nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n ní láti lọ̀ ọ́ kí wọ́n sì ṣà á títí yóò fi lé ní 60 kí ààrò tó lè gbà á. Ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n wá yan irin tó fẹ̀, mílímítà 1,435 láàárín irin méjèèjì, nígbà tí ti Èkó sí Kano àtijọ́ jẹ́ 1,067. Ọkọ̀ tó ń rìn ní Ọ̀fà kò lè tẹ irin Itakpe láé, kódà bí ẹnìkan bá so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ lọ́la. Àwọn tó máa ń dábàá pé kí wọ́n kàn fa ti Ọ̀fà wá kí ó pàdé ti Itakpe kì í rántí èyí.

Ajaokuta kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò. Irin náà dùbúlẹ̀ nínú igbó fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, igbó bò ó, àwọn olè sì ń yọ ara rẹ̀ tà. Ohun tí wọ́n ń yọ jù ni kílíìpù, irin kékeré tó tẹ̀ bí ìkọ́, tó ń di irin gígùn mọ́ kọnkéré abẹ́ rẹ̀. Èèyàn lè fi òòlù kan yọ ọ́, ó sì wọ àpò sòkòtò. Bí a bá yọ bíi mélòó kan tẹ̀lé ara wọn lójú kọ́nà, ìwúwo ọkọ̀ á ti irin síta. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2020 ni Ààrẹ Buhari ṣí i fún èrò, láti Itakpe dé Warri, ó lé ní kìlómítà 320. Ibi tí òkúta wà ni wọ́n wò kí wọ́n tó gbé ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ síbẹ̀, wọn kò wo ọjà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Fún ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, ẹgbẹ́ Ìjùmú yìí kò bá ọkọ̀ ojú irin ní ohunkóhun ṣe. Tírélà ń wá kó iṣu wọn lọ Abuja, ó tán. Oṣù kẹwàá 2022 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Odò Ọya àti Bẹ́núé kún dé ibi tí wọ́n bo ojú ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Abuja mọ́lẹ̀ ní agbègbè Koton Karfe, ọkọ̀ tò sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àsìkò iṣu tuntun nìyẹn. Iṣu tó wà lábẹ́ tapólì nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, àwọn oníbàárà kò sì lè wá kó èyí tó kù lóko. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ni akọ̀wé wọn ti ní kí wọ́n kọjú sí gúúsù, kí wọ́n gbé iṣu lọ Warri, kí wọ́n ra ẹja gbígbẹ àti epo bọ̀ wálé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìrìn àjò lásán. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ra tíkẹ́ẹ̀tì èrò, wọ́n sì kó ogún àpò iṣu dání. Àpò ìrẹsì oní-50 kìlógíráàmù ni wọ́n lò. Ẹrù náà dé Warri, ọjà sì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú àwọn àpò náà, èyí tó wà lókè dára, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ń sun omi. Orí iṣu ti ṣẹ́, èèpo ti bó ní ẹ̀gbẹ́ tó fi hàn bí ojú egbò tútù, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń dúdú. Àwọn oníbàárà ra ti òkè ní iye tó dára, wọ́n ra ti ìsàlẹ̀ bí ẹni ra ìdọ̀tí. Èrè kò sí.

Kí ló fà á? Ohun méjì ni, àwọn ènìyàn sì máa ń rí àkọ́kọ́, wọ́n á gbàgbé èkejì.

Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n gbé iṣu náà lọ tútù. Wọ́n wà á lọ́jọ́bọ̀, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní omi tó tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, èèpo rẹ̀ sì rọ̀. Ó nílò bíi ọjọ́ mẹ́rin sí méje níbi tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin, ní bíi ìwọ̀n 29 sí 32 Celsius, kí ojú ibi tó bó tó di gbígbẹ, kó fi èèpo líle bo ara rẹ̀. Àgbẹ̀ àtijọ́ mọ̀ ọ́n ṣe: wọ́n á tò ó síbi ìbòòji, wọ́n á fi koríko bò ó, wọn kì í fi í síta nínú oòrùn. Ẹni tó ń kánjú ló ń fo ìpele yìí.

Èkejì ni iye ìgbà tí ọwọ́ kan iṣu náà. Bí tírélà bá wọ ìlú, wọ́n á gbé iṣu láti oko sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á tò ó sínú ọkọ̀, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Abuja. Ìgbà mẹ́ta. Ní ti ọkọ̀ ojú irin, wọ́n gbé e sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n kó o sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sọ̀ ọ́ ní Itakpe, alábàárù gbé e wọ inú kóòṣì, yàrá èrò inú ọkọ̀ ojú irin, ọ̀kan mìíràn sọ̀ ọ́ ní Warri, ọkọ̀ kẹta gbé e lọ sọ́jà, wọ́n sọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ìgbà méje. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àpò kan ń já lulẹ̀, alábàárù kan sì ń gba owó. Kóòṣì èrò kò ní ibi tí ó yẹ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà, nítorí náà wọ́n tò ó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní kí wọ́n kó o kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n tún gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì kò wọ́n. Orí àti ìdí ìrìn náà ló gbé owó jẹ.

Ẹgbẹ́ náà lè fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń jáwọ́ níbi tí iṣu bá ti bàjẹ́, wọ́n á ní rélùwéè kò dára. Ṣùgbọ́n ìyá kan nínú wọn, oníṣòwò èlùbọ́ tó ti pẹ́ nínú ọjà Kàbbà, ní kí wọ́n má gbé omi lọ Warri mọ́. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ọgọ́rùn-ún kìlógíráàmù iṣu, bí a bá bó o, èèpo á mú bíi 15 lọ. Nínú 85 tó kù, omi ló pọ̀ jù. Nígbà tí a bá bọ̀ ọ́ tí a sì sá a gbẹ, èyí tó máa kù kò ní ju bíi 25 sí 28 kìlógíráàmù lọ. Àpò mẹ́rin di àpò kan, àpò kan yẹn sì lè já lulẹ̀ nígbà méje láìbàjẹ́. Gààrí náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀gẹ́ tútù mẹ́rin sí márùn-ún ló ń mú gààrí kan jáde.

Wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Wọ́n bó iṣu, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ tó nípọn dọ́gba, torí èyí tó nípọn jù á gbẹ lẹ́yìn, inú rẹ̀ á sì máa bu. Wọ́n gbé omi kaná, kì í ṣe omi tó ń hó. Omi tó gbóná tí ọwọ́ ṣì lè wọ̀ kó yára jáde. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sórí àpáta. Ilẹ̀ Òkun kò ṣaláì ní àpáta, orí rẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń sá gbodo, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ àti iyanrìn ni ọ̀tá ibẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, atẹ́gùn gbígbẹ ń ṣe iṣẹ́ tí oòrùn kò ṣe. Ohun tí wọ́n fi ń wò ó ni kí ó ṣẹ́ pẹ̀kẹ́ bí wọ́n bá fọwọ́ ṣẹ́ ẹ, kí ó má tẹ̀. Èyí tó bá ń tẹ̀ ṣì ní omi, kòkòrò á sì wọ̀ ọ́ kó tó dé oṣù kejì. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju bíi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Èlùbọ́ dé Warri ní oṣù kejìlá láìsí àpò kan tó bàjẹ́. Níbẹ̀ ni wàhálà kejì ti fara hàn, èyí tó jẹ́ ti bọ́ọ̀sì.

Wọ́n háyà bọ́ọ̀sì tó ń gba èrò 18 láti gbé àwọn èèyàn àti àpò dé Itakpe. Àwa mọ àṣà gáréèjì: bọ́ọ̀sì kì í gbéra títí yóò fi kún. Ọkọ̀ ojú irin ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ dúró ní Kàbbà kí àga mẹ́fà tó ṣófo lè kún, nígbà tí wọ́n fi dé Itakpe, ọkọ̀ ti lọ. Àwọn èrò padà sí Ọ̀kẹ́nẹ́, àwọn àpò sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú ẹni kan tó ń ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣe bá awakọ̀ jà tó, ó ní ìdáhùn kan: epo ni òun ń rà, kì í ṣe àkókò.

Ojútùú tí wọ́n rí ni ohun tó dára jù nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ náà ra àga tó ṣófo. Wọ́n bá awakọ̀ ṣe àdéhùn pé yóò gbéra lákòókò tí wọ́n dá, kódà bó jẹ́ pé èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì san owó àga títí dé ìwọ̀n èèyàn 12. Bí èrò bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹgbẹ́ á fi ti mẹ́rin kún un. Owó náà jáde láti ara owó tí wọ́n ń gbà lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Bí àpò bá pọ̀, wọn kì í mọ̀ ọ́n lára. Bí kò bá pọ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n má baà pàdánù ọkọ̀ mọ́, wọ́n tún jẹ́ kí bọ́ọ̀sì máa tètè gbéra gan-an, tó fi jẹ́ pé àwọn èèyàn wọn ń jókòó sí pèpéle ibùdókọ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ó dára lójú gbogbo ènìyàn, àfi ìgbà tó di ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní 2023. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn agbébọn ya wọ ibùdókọ̀ Igueben ní Edo, lójú ọ̀nà yìí kan náà, wọ́n sì jí ọ̀pọ̀ èrò tó ń dúró de ọkọ̀ gbé. Nínú oṣù kan náà ni ọkọ̀ kan yẹ̀ kúrò lójú irin nínú igbó Kogi. Ìrìn ọkọ̀ dúró.

Ohun tí ìkọlù yẹn ṣí payá fún ẹgbẹ́ náà ju ti ọjọ́ kan lọ. Dídúró fúnra rẹ̀ ti di ewu. Ibùdókọ̀ tí kò ní ọjà, tí kò ní ilé oúnjẹ, tí kò sí èrò mìíràn tó ń lọ tó ń bọ̀, èèyàn tó bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta wà níta gbangba. Bọ́ọ̀sì tó pẹ́ jù á pàdánù ọkọ̀, èyí tó yá jù á kó àwọn èèyàn sí ojú ewu. Bí a bá sì rántí bí ọ̀nà Kàbbà sí Ọ̀kẹ́nẹ́ ṣe rí, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí bọ́ọ̀sì gbéra nínú òkùnkùn. Àkókò tó ṣẹ́ kù láàárín kò gbòòrò.

Èlùbọ́ kò bàjẹ́ lásìkò tí ọkọ̀ dákẹ́. Ó wà nílé ẹni wọn ní Warri, wọ́n ń tà á díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣu tútù ni, gbogbo owó wọn ì bá ti ṣòfò. Ibi tí wọ́n ti fara gbọgbẹ́ ni àdéhùn bọ́ọ̀sì. Wọn kò kọ ohunkóhun sí i nípa ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kò bá rìn. Awakọ̀ ń bọ̀ lówùúrọ̀ bó ṣe yẹ, ó ń gba owó àga 12 lórí ìrìn tí kò sí. Alága ẹgbẹ́ ní kò tọ́, awakọ̀ ní àdéhùn ni àdéhùn. Ó pe alága ní bàbá, ó sì bẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Àwọn àgbà ìlú ló dá a pé kí ẹgbẹ́ san ìdajì. Ìdajì yẹn jẹ èrè gbogbo oṣù kejìlá.

Nígbà tí oṣù karùn-ún 2023 fi parí tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, pẹtiróòlù fò láti bíi ₦190 kọjá ₦500 lórí lítà. Bọ́ọ̀sì ìjùmọ̀háyà kò ṣeé ṣe mọ́ ní iye tí wọ́n ti ń san. Ní àsìkò yìí ni àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí wọ́n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ rélùwéè fún kẹ̀kẹ́ ẹrù tiwọn, ìyẹn yàrá ìkẹ́rù tí ọkọ̀ ojú irin ń fà. Akọ̀wé ṣe ìṣirò kí wọ́n tó kọ lẹ́tà. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tó ní òrùlé ní irú ojú irin yìí lè gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60, ìyẹn àpò 1,200 tó jẹ́ 50 kìlógíráàmù. Ọ̀sẹ̀ tó dára jù fún ẹgbẹ́ náà, wọn kò kó àpò 100 jọ. Wọ́n á kó àpò fún oṣù mẹ́ta kí kẹ̀kẹ́ kan tó kún, wọ́n á sì wá ilé tí wọ́n máa kó o sí ní gbogbo àkókò yẹn. Lẹ́tà náà kò kúrò lórí tábìlì. Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni kí ẹgbẹ́ Ìyàrà, ti Kàbbà àti àwọn ará Bùnú parapọ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ṣoṣo ní Kàbbà, kí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù tó wáyé. Ìlú kan kò lè dá a ṣe.

Ohun tó kù lọ́wọ́ wọn kéré, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń lọ Warri fún ìdí tirẹ̀ ń gbé àpò èlùbọ́ méjì tàbí mẹ́ta dání, ìyẹn iye tí ọwọ́ kan lè mójú tó láìsí alábàárù. Iṣu tútù ti padà sí orí tírélà. Kò sí bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà pátápátá. Awakọ̀ gáréèjì Kàbbà kan ń ṣe é lọ́jọ́ tí àwọn bá pè é.

Fún akọ̀wé ẹgbẹ́ mìíràn ní ilẹ̀ wa tó bá fẹ́ gbìyànjú irú èyí, yálà ní Itakpe tàbí ní ibùdókọ̀ mìíràn tí wọ́n bá kọ́ sún mọ́ wa lọ́jọ́ iwájú, kí ó kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ọwọ́ máa kan ẹrù náà kí ó tó béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ó yan ẹrù tó lè dúró fún oṣù kan bí ọkọ̀ bá dákẹ́. Kí àdéhùn bọ́ọ̀sì ní gbólóhùn mẹ́ta, ìkẹta wọn ni ti Ìjùmú kò ní: iye àga tí ẹgbẹ́ ń san owó rẹ̀, àkókò ìgbéra tí awakọ̀ kò gbọdọ̀ sún, àti pé bí ọkọ̀ ojú irin kò bá rìn fún ọjọ́ méjì tẹ̀lé ara wọn, owó àga dúró láti ọjọ́ kẹta títí ọkọ̀ yóò fi padà. Kí wọ́n sì yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa fóònù ibùdókọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Kàbbà, kí awakọ̀ má sì gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ láti ẹnu ẹlòmíràn.